Ẹsẹ̀ Tó Ń Sọdá Ìdí-Ìrókò: Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ Lórí Ìwọ̀n

 

Lọ́dún tó kọjá, mo ń dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì Ìdí-Ìrókò, àwọn ọkùnrin méjì sì ń jiyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Awakọ̀ láti Ọ̀tà ni ọ̀kan. Èkejì jẹ́ bíríkìlà, ọmọ Pòbẹ́, tó ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó láti bí ogún ọdún. Awakọ̀ ní, "Gbogbo ẹ̀yin ará Bẹ̀nẹ̀ lápapọ̀ kò tó ará Èkó nìkan. Kí lẹ fẹ́ fi wé Nàìjíríà?" Bíríkìlà dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́: "Bùọ̀dá, mi ò bá yín jiyàn pé ẹ pọ̀. Owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ló wà lápò mi yìí. Tí mo bá ṣẹ́ ẹ sí séfà, ìyàwó mi á bi mí pé ibo ni mo ná ìyókù sí."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Awakọ̀ ń sọ̀rọ̀ agbára orílẹ̀-èdè, bíríkìlà ń sọ̀rọ̀ ohun tó ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Ó sì ti mọ́ wa lára láti máa fi ọ̀kan dáhùn ìbéèrè èkejì. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá síwájú yín lálẹ́ yìí nìyẹn: Nàìjíríà àti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, ta ló lágbára jù, ta sì ni ayé rọ ará ìlú rẹ̀ lọ́rùn jù?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ààlà náà ṣe dé. Lọ́dún 1886, ogun Dàhòmì fọ́ ìlú Kétu. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé kan ní Paris, wọ́n sì fa ìlà la ilẹ̀ náà kọjá. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó ti ń sin Aláàkétu látayébáyé, bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà níhìn-ín tí oko rẹ̀ wà lọ́hùn-ún di ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láti lọ hú ẹ̀gẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, tó jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ fúnra rẹ̀, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì jáde lọ́dún 1976. Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi rí. Láyé àwọn òyìnbó, apá Faransé ni àwọn ènìyàn ti ń sá lọ sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Faransé ń fi tipátipá kó ọkùnrin lọ la ọ̀nà, ó ń kó wọn lọ sójú ogun, owó orí rẹ̀ sì wúwo. Tí ó bá sú àwọn ará abúlé, wọ́n á di ẹrù wọn lóru, wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn lápá kejì. Kò sí ẹni tó ka ìwé ìṣirò kankan fún wọn kí wọ́n tó mọ ibi tó sàn. Ẹsẹ̀ wọn ló mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nínú gbogbo ìwọ̀n tí mo máa gbé jáde lálẹ́ yìí, ẹsẹ̀ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Ọ̀rọ̀ agbára kò le. Ilẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ 923,768 kìlómítà onígun mẹ́rin, ti Bẹ̀nẹ̀ kò sì pé 115,000. Ẹ lè tẹ́ Bẹ̀nẹ̀ mẹ́jọ sórí Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 2013, wọ́n jẹ́ 10,008,749. Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 220 lónìí. A rí epo rọ̀bì ní Oloibiri lọ́dún 1956, èyí tí Bẹ̀nẹ̀ rí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote tó wà ní Lẹ́kí, wọ́n kọ́ ọ láti máa fọ àgbá epo 650,000 lójúmọ́. Gáàsì tí Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà ń rà lọ́wọ́ wa, láti Ìtòkí nípìnlẹ̀ Ògùn ni páìpù rẹ̀ ti gbéra. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn ọmọ ogun kan bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní Kútọnu, wọ́n ní àwọn ti gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Patrice Talon. Nàìjíríà ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ké pè. Ọkọ̀ òfurufú ogun wa gbéra, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìdìtẹ̀ náà ti fọ́. Orílẹ̀-èdè tí aládùúgbò rẹ̀ ń ké pè lọ́jọ́ ìṣòro, a kò tún ní béèrè bóyá ó lágbára.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sọ́jà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Lọ́dún 1980, náírà kan ṣoṣo ju 300 séfà, owó àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, lọ. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ wa ní Àjàṣẹ́ àti ní Sákẹ́tẹ́ rántí àkókò náà. Èkó ni ẹsẹ̀ kọjú sí nígbà yẹn. Bíríkìlà, télọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀, olùkọ́ èdè Faransé, gbogbo wọn ń bọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari lé àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ọmọ Tógò àti ọmọ Niger wà níbẹ̀. Ìwà tó dùn mí ni títí dòní. Síbẹ̀, a kì í lé ẹni tí kò wá. Wíwá tí wọ́n ń wá fi hàn pé ìrọ̀rùn wà níbí.

Lọ́dún 2014, ẹni tó bá kó 1,000 náírà fún àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní bodè Sèmè, nǹkan bí 3,000 séfà ni yóò gbà. Lọ́dún 2024, 1,000 náírà náà kò mú ju nǹkan bí 400 séfà lọ. Ọdún mẹ́wàá péré ló wà láàárín wọn. 

Ẹ fi owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là kalẹ̀ wò ó. Lọ́dún 2019, Nàìjíríà sọ tiwa di 30,000 náírà, èyí tó lé ní 80 dọ́là nígbà náà. Ti Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 40,000 séfà, kò sì pé 70 dọ́là. Tiwa ló ga. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, Bẹ̀nẹ̀ gbé tiwọn lọ sí 52,000 séfà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìjà àti ìyanṣẹ́lódì, Nàìjíríà gbé tiwa dé 70,000 náírà. Ẹ̀yin ará, 70,000 náírà yẹn kò pé 50 dọ́là lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, nígbà tí 52,000 séfà lé ní 80. A sọ owó oṣù wa di ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó náà sì kéré sí i.

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní ìwọ̀n tiwọn. Wọ́n á ṣe àròpọ̀ gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè mú jáde lọ́dún kan, wọ́n á pín in sí iye orí tó wà níbẹ̀. Lọ́dún 2014, ìpín ọmọ Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan lé ní 3,000 dọ́là, ti ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kò sì tó ìdajì rẹ̀. Lọ́dún 2024, tiwa lé díẹ̀ ní 1,000, tiwọn sì ti súnmọ́ 1,500. Ẹ má ṣe jẹ́ kí irú iye yìí tàn yín jẹ ju bó ti yẹ lọ. Ó dà bí ẹni tó ka iye ègé ẹran inú ìkòkò tó sì pín in sí iye ọmọ tó wà nílé. Kò sọ fún yín ẹni tó jẹ itan, kò sì sọ ẹni tó lá ọbẹ̀ lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí a ṣẹ́ yàtọ̀ sí owó tí a ná: 1,000 náírà lọ́jà Ìfọ̀ ṣì lè ra ohun tí 400 séfà kò ní rà ní Kútọnu. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ibi tí ìlà méjèèjì kọjú sí ṣe kedere.

Kí ló fa á? Owó Bẹ̀nẹ̀ kì í mì bíi tiwa nítorí pé wọ́n so ó mọ́ owó Yúróòpù. Yúrò kan jẹ́ 655.957 séfà, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe wà láti ọdún 1999. Báńkì tó ń gbé owó náà jáde wà ní Dakar, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló sì jọ ń lò ó. Nítorí náà, ìyá tó ń ta àgbàdo ní Pòbẹ́ lè fi 5,000 séfà sábẹ́ ìrọ̀rí ní oṣù Kìíní, kó sì bá a ní oṣù Kejìlá láìjẹ́ pé kòkòrò ti jẹ ẹ́ láti inú. Mo mọ rírì ìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní pe òkìtì tí ẹlòmíràn dì mú ní òkè tèmi. Ní oṣù Kìíní ọdún 1994, ìpàdé kan ní Dakar pinnu pé kí séfà pàdánù ìdajì iye rẹ̀ sí owó Faransé. Àwọn tó sùn pẹ̀lú owó jí pẹ̀lú ìdajì owó. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà kò sí lọ́wọ́ Bẹ̀nẹ̀ nìkan.

Ní tiwa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa, a sì fọwọ́ ara wa da àpótí náà nù. Epo rọ̀bì ni ó ń mú dọ́là tó pọ̀ jù wá fún wa. Nígbà tí owó rẹ̀ já wálẹ̀ lọ́dún 2014, a kò ní ohun mìíràn tó tó rọ́pò. Ìjọba ń fi agídí di iye náírà mú fún ọdún púpọ̀, nígbà tí ẹni tó bá mọ ènìyàn ń ra dọ́là pọ́ọ́kú, tí oníṣòwò ọjà Balógun l'Ékòó ń rà á lọ́wọ́n gógó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iye tó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà sí dọ́là kan kọjá 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí wọ́n tú u, bí èrò tèmi. Àṣìṣe náà wà nínú ọdún tí wọ́n fi dì í mú.

Ibì kan wà tí Nàìjíríà fi borí tí n kò lè fojú fò. Nínú ìwé tí àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè gbé jáde lọ́dún 2025, tí wọ́n ti to orílẹ̀-èdè 193 nípa ìlera, ẹ̀kọ́ àti owó tó ń wọlé, Nàìjíríà wà ní ipò 164, Bẹ̀nẹ̀ wà ní 173. Ilé ẹ̀kọ́ ló gbé wa síwájú jù. Àgbàlagbà ní Nàìjíríà ti lo ọdún tó lé ní méje nílé ẹ̀kọ́ bí a bá ṣe àpapọ̀ rẹ̀ tí a pín in, ní Bẹ̀nẹ̀ kò ju nǹkan bí mẹ́ta lọ. Ibi tí èyí ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà sí ààlà tí mò ń sọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ọmọ Ìmẹ̀kọ sì gbé síléètì rẹ̀ lọ sí iléèwé láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Kétu, tí kò jìnnà rárá, wà lábẹ́ Faransé, kò sì sí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ fún un. Ìbàdàn ti ní ilé ẹ̀kọ́ gíga láti ọdún 1948. Ọdún 1970 ni Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Dàhòmì nígbà náà, tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń béèrè pé kí ni ìjọba lè ṣe fún ènìyàn, àwọn ìbátan méjì yìí ni mo máa ń rántí.

Kí wá ni a fi ẹ̀kọ́ náà ṣe? Ẹ gbọ́ èyí. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ìrètí wà pé yóò lo ohun tó lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún láyé. Ní Nàìjíríà, kò pé 55. Iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi síta fún ọdún 2023 ni pé nínú ọmọ 100,000 tí a bá bí ní Nàìjíríà, ìyá 993 ló ń kú nínú oyún tàbí níbi ìbímọ. Ní Bẹ̀nẹ̀, nǹkan bí ìdajì ìyẹn ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á. Òótọ́ ni pé apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn wa sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé àríwá ni ẹkún náà pọ̀ sí jù. Ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Orílẹ̀-èdè tó ní epo, tó ní dókítà káàkiri àgbáyé, ni aboyún ti ń kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti aládùúgbò rẹ̀ tí epo rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí mo bá ní ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mú nínú ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí, iye náà ni.

Ọ̀rọ̀ iná kò yẹ ní ìdíje. Lápá méjèèjì, ilé tí kò rí iná mànàmáná pọ̀ lọ jàra, bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà sì ń ta iná fún Bẹ̀nẹ̀ láti Ìkẹjà dé Sákẹ́tẹ́.

Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó bá ń gbọ́ mi, kó má tíì jó. Apá tó tóbi nínú ohun tí ẹ ń jẹ, ara Nàìjíríà lẹ ti ń rí i. Ìrẹsì tó ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu láti ilẹ̀ Íńdíà àti Thailand pọ̀ ju ohun tí ẹ̀yin lè jẹ tán lọ, ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ sì ju iye ọ̀nà yín lọ. Gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ń gbà. Fàyàwọ́ ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti bodè pa, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Mo kọjá ní Ìgòlò, lápá Bẹ̀nẹ̀, lásìkò náà. Tòmátì ń jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀, ọ̀pẹ̀yìnbó ń kan, àwọn obìnrin jókòó tì í, wọn kò sọ̀rọ̀. Lápá tiwa, àpò ìrẹsì gbówó lórí kọjá ohun tí òṣìṣẹ́ lè rà. Àwọn tó ní kí wọ́n tì í kò gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bodè.

Epo bẹntiróòlù náà ń kọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo tí owó ìrànwọ́ ìjọba Nàìjíríà sọ di pọ́ọ́kú ni wọ́n ń rọ sínú jálá, tí wọ́n ń gbé sórí ọ̀kadà kọjá odò, tí wọ́n sì ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Kútọnu. Kpayo ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ ti tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó kpayo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní Àbújá ti dé ìdí ìgò epo ní Àjàṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Àwọn olórí Bẹ̀nẹ̀ rí i pé irú ayé bẹ́ẹ̀ léwu. Wọ́n dá ọgbà iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ ní Glo-Djigbé, níbi tí wọ́n ti ń sọ òwú di aṣọ. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 sì ni wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó kajú tútù jáde mọ́, kí wọ́n ṣe é nílé kó tó lọ. Mo gbóríyìn fún wọn. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìṣèlú wọn. Lọ́dún 1991, Mathieu Kérékou pàdánù ìbò, ó sì gbé ìjọba fún Nicéphore Soglo wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àwa fagi lé ìbò June 12. Ó yẹ kí ojú tì wá nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ìbò ilé aṣòfin tí Bẹ̀nẹ̀ dì lọ́dún 2019, ẹgbẹ́ alátakò kankan kò sí nínú rẹ̀. Ibi tí a ti ń yìn wọ́n, wọ́n ti ń kúrò níbẹ̀.

Ìdájọ́ tèmi rèé: Nàìjíríà lágbára jìnnà ju Bẹ̀nẹ̀ lọ, àmọ́ Bẹ̀nẹ̀ ń ṣọ́ ìwọ̀nba tó ní dáadáa jù wá lọ. Ẹsẹ̀ sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Kútọnu, àwọn oníṣòwò ń gbé owó wọn síbẹ̀. Bíríkìlà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ọkọ̀ wa dé, ó sọ fún mi pé òun kò ní padà s'Ékòó mọ́ lẹ́yìn ọdún Iléyá. Àbúrò rẹ̀ ti rí iṣẹ́ ilé kíkọ́ fún un lẹ́bàá Kútọnu. Ó ti lo ogún ọdún ní Mushin, ó ń sọ Yorùbá Èkó ju èmi lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìlárá, ní Ìdí-Ìrókò, ní Pòbẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ kọ iye tí ẹ ra kóńgò gàrí kan sílẹ̀, iye tí ẹ ra lítà epo kan, àti iye tí ilé ìwòsàn gbà lọ́wọ́ ẹni tó bímọ kẹ́yìn nínú ẹbí yín. Ẹ kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó kà wọ́n lórí afẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, apá kìíní lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá kejì.